Oṣù mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́: ṣé jẹ̀díjẹ̀dí náà ni?

Ìyá Táyé, Kétu:

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ inú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Àbúrò mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 22, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló ti ń kàwé. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ìyá wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà àti bisikíìtì tó ń jẹ nílé-ìwé ló fà á. Wọ́n se àgbo fún un, ó mu ún fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ dá. Kò pé oṣù kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ilé oògùn fún un ní Flagyl, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní amibe ni, kòkòrò inú ìfun. Ìyẹn náà á ṣe bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà á tún padà wá. Ní báyìí, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti wú, ó ń tiro.

Dókítà kan wá sọ pé ká lọ ṣe coloscopie, ìyẹn kámẹ́rà tí wọ́n ń gbà ìdí tì bọnú láti wo ìfun, pé ó lè jẹ́ rectocolite (ulcerative colitis) tàbí Crohn, àrùn méjì tó ń mú kí ìfun wú, kó sì dá egbò. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní àrùn òyìnbó nìyẹn, pé èèyàn dúdú kì í ṣe é, owó ni wọ́n fẹ́ gbà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé báwo ni àrùn yìí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gan-an? Kí ló fi yàtọ̀ sí jẹ̀díjẹ̀dí? Ẹni tó bá ti ṣe é rí ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn, kó jọ̀ọ́ mi.

* * *

Aránṣọ Àjàṣẹ́:

Mo ti ṣe é, mo ṣì ń ṣe é. Rectocolite ni tèmi, ọdún keje rèé tí mo ti mọ orúkọ ẹ̀. Èmi ò ta oògùn, aṣọ ni mo ń rán.

Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ bá ń rí lára, kó fojú fò ó. Ọmọ ọdún 27 ni mí nígbà náà. Mo kúnlẹ̀, mo ń wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò fún oníbàárà kan, téèpù ṣẹ̀ṣẹ̀ kan orúnkún rẹ̀ ni, bí ìgbẹ́ ṣe gbọ̀n mí lójijì nìyẹn. Kì í ṣe èyí téèyàn lè ní kó dúró ná kí òun wọ̀n ọ́n tán. Mo sáré wọ ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo wo ilẹ̀, ìgbẹ́ kọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni, kò ju kó kún ṣíbí kan lọ, pẹ̀lú nǹkan kan tó ń fà bí omi ilá. Mo padà dé, oníbàárà ṣì dúró bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mi ò tíì mú téèpù nílẹ̀, ó tún gbọ̀n mí. Mo tún lọ. Kò sí nǹkan kan tó jáde.

Ìyẹn ni àwọn àgbà ń pè ní ọ̀rìn. Inú ń sọ fún ọ pé ó ṣì kù, o jókòó, o tiraka títí òógùn fi bò ọ́, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ méjì lo rí. Ẹ fi í sọ́kàn, torí jẹ̀díjẹ̀dí kì í sáré lé èèyàn báyẹn.

Ara rírù wá tẹ̀ lé e. Èmi tí mò ń ran aṣọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dín ìbàdí ṣòkòtò mi kan ṣoṣo láàárín oṣù márùn-ún, mo sì ń bú aṣọ náà pé ó ń fẹ̀. Ìyàwó mi ló bi mí pé aṣọ wo ló ń fẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó fà á.

Ohun tó yẹ kó ti là mí lójú jù ni òru. Ìgbẹ́ tó ń jí èèyàn ní aago méjì, tó tún jí i ní aago mẹ́rin, ẹ má fi ṣeré. Àwọn tí inú wọn máa ń dà rú nítorí ìrònú, èyí tí àwọn dókítà wa ń pè ní colopathie, inú wọn yẹn lè yọ wọ́n lẹ́nu lójúmọmọ, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń bá wọn sùn lálẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í wà nínú ti wọn. Tèmi ò sùn, ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Oṣù mọ́kànlá ló wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn àti ọjọ́ tí mo gbọ́ orúkọ. Ìyá Táyé, tí mo bá fojú wọn ti àbúrò yín láìlo téèpù, màá ní rectocolite ni. Mo lè ṣìwọ̀n o.

* * *

Aránṣọ Àjàṣẹ́:

Mo ti ka gbogbo èsì tó wọlé láti àná. Àwọn tó pọ̀ jù ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí ọmọ náà yé jẹ nǹkan dídùn. Àwọn kan ní amibe ni, kó gbé Flagyl mìíràn mì. Ẹni méjì fi nọ́ńbà ránṣẹ́ pé àwọn ní àgbo tó dájú. Obìnrin yìí mà ní òun ò fẹ́ olóògùn.

Ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí yìí ń dùn mí, torí òun ló jẹ oṣù méje nínú oṣù mọ́kànlá tèmi. Orúkọ kan ṣoṣo ni, ẹrù tí a sì dì lé e lórí ti pọ̀ jù. Ìdí ń dunni, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ̀yìn ń roni, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Inú ń kùn, ọkùnrin ò lè ṣe ojúṣe rẹ̀ lóru, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni. Tí a bá wá ní ká sọ nípa jẹ̀díjẹ̀dí gidi, ìyẹn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ihò ìdí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pupa rokoṣo, ó máa ń kán lẹ́yìn tí ìgbẹ́ bá jáde tán, tàbí kó fà sára ìgbẹ́ lóde. Kì í pò pọ̀ mọ́ ọn. Ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ le dáadáa. Kò sí pé ò ń sáré lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́, kò sí ibà, ara ò rù. Orúnkún kì í sì í wú nítorí jẹ̀díjẹ̀dí.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tí mi ò gbọdọ̀ fi pamọ́. Rectocolite tó bá mọ sí ìwọ̀nba ìfun tó kángun sí ihò ìdí nìkan lè má ya ìgbẹ́ gbuuru rárá. Ìgbẹ́ lè gan, kó le, kí ẹ̀jẹ̀ àti ikun kàn máa bá a jáde. Obìnrin kan wà tí a jọ máa ń dúró de dókítà, ọdún kan ààbọ̀ ló fi ń ra oògùn ìyàgbẹ́ torí ó rò pé gígan ìgbẹ́ ló ń ya òun nídìí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "ìgbẹ́ mi ò ṣí, kì í ṣe rectocolite", kó má tíì dá ara rẹ̀ láre.

Ti pé àgbo dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró ńkọ́? Mo gbà pé ó dá. Tèmi náà dá lẹ́ẹ̀mejì. Bí àrùn yìí ṣe máa ń ṣe nìyẹn: á gbóná, á rọ̀ fúnra rẹ̀, á tún gbóná. Ẹni tó bá jókòó tì í lọ́jọ́ tó rọ̀ ló ń gba ìyìn. Lákọ̀ọ́kọ́, àgbo ìyá mi ló gba ìyìn. Lẹ́ẹ̀kejì, Flagyl ni. Flagyl tiẹ̀ tún mọ ẹ̀tàn ju àgbo lọ, torí ó lè dẹ Crohn ní ìdí lára díẹ̀ lóòótọ́. Pé ó dẹ̀ ẹ́ lára kò túmọ̀ sí pé amibe ló wà níbẹ̀.

* * *

Nọ́ọ̀sì Pọ́bẹ̀:

Aránṣọ, ọmọ mi, ohun tí o sọ dáa, ṣùgbọ́n eré rẹ ti pọ̀ jù. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Nínú àwọn tó gbé ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ wá bá mi, kòkòrò ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù: amibe, shigella, bilharzia ìfun lára àwọn tó ń wọ odò. Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ máa sáré lọ ṣe coloscopie? Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí owó ẹ̀? Kí o sì mọ̀ pé cortisone tí wọ́n fi ń tọ́jú rectocolite, tí wọ́n bá gbé e fún ẹni tí amibe wà nínú rẹ̀, ìfun onítọ̀hún lè lu. Ó lè kú.

* * *

Aránṣọ Àjàṣẹ́:

Mo dọ̀bálẹ̀, Ìyá. Ọ̀rọ̀ cortisone yẹn, kí gbogbo wa gbọ́ ọ. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ lálẹ́ àná pé òun fẹ́ ra cortisone fúnra òun torí òun ń ya ẹ̀jẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti yapa sí yín ni iye ọjọ́. Ìgbẹ́ gbuuru tí kòkòrò fà sábà máa ń tán kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Tó bá ti ré kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn dókítà fúnra wọn ti kà á mọ́ èyí tó pẹ́, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wádìí rẹ̀ sì yàtọ̀. Oṣù mẹ́rin ni ti ọmọ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti fún un ní oògùn amibe. Ìyá Táyé, ẹ dá mi lóhùn: ẹ̀ẹ̀mélòó ni ẹnikẹ́ni wo ìgbẹ́ rẹ̀ ní láàbù?

* * *

Ìyá Táyé, Kétu:

Wọn ò wò ó rárá. Ó kàn ṣàlàyé lẹ́nu, wọ́n gbé oògùn fún un.

* * *

Nọ́ọ̀sì Pọ́bẹ̀:

Háà! Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ mú un lọ sí láàbù, kó yàgbẹ́ náà níbẹ̀, kí wọ́n wò ó nígbà tó ṣì gbóná. Èyí tí wọ́n gbé sínú ike láti ilé, tó ti gun zém (ọ̀kadà) fún wákàtí kan, amibe inú rẹ̀ á ti kú, wọn ò ní rí i kó máa rìn. Kí wọ́n wá bilharzia pẹ̀lú. Kí wọ́n sì wo ikọ́ fée, torí ikọ́ fée máa ń wọ ìfun, ó sì jọ Crohn bí Táyé ṣe jọ Kẹ́hìndé. Tí gbogbo ìyẹn bá mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ò sì dá, kó lọ fún coloscopie rẹ̀. Mi ò bá aránṣọ jà mọ́.

* * *

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, inú sì ń bí mi díẹ̀. Gbogbo yín ń sọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀. Crohn ni mo ní, mi ò rí ẹ̀jẹ̀ rí. Inú ló ń dùn mí ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀, bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, tó fi di pé ẹ̀rù oúnjẹ ń bà mí. Ibà díẹ̀díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo wọn kílò 71, mo padà sí 54. Ládùúgbò, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé sídà (éèdì) ni. Mo ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí. Ilé ìwòsàn kan ní appendicite ni, pé appendice, ẹ̀ka tín-ín-rín kan lára ìfun, ló wú, wọ́n là mí, wọ́n yọ ọ́. Ìrora náà padà ní oṣù kejì. Ọdún méjì kọjá kí ẹnì kan tó wo inú mi. Tí ẹ bá ń sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ̀jẹ̀ ni àmì àrùn yìí, àwa tí ò ya ẹ̀jẹ̀, ilé la ó kú sí.

* * *

Aránṣọ Àjàṣẹ́:

Ẹ̀bi mi ni. Àrùn méjì ni, mo sì ń sọ ọ́ bíi pé tèmi nìkan ló wà láyé.

Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ ṣàlàyé, torí òun ni mo mọ̀. Ẹ gbé agbádá tó ní aṣọ inú. Rectocolite dà bí ìgbà tí omi aró bá bẹ̀rẹ̀ láti etí ìsàlẹ̀, tó ń fà gòkè láìfo ibì kankan, aṣọ inú nìkan ló sì ń bà jẹ́. Láti ihò ìdí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í kúrò nínú ìfun ńlá. Nítorí pé ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, ẹ̀jẹ̀ á tètè hàn, ọ̀rìn á sì máa da èèyàn láàmú.

Crohn yàtọ̀. Kòkòrò tó ń jẹ aṣọ ló jọ: á jẹ níbí, á fo ibì kan, á tún jẹ lọ́hùn-ún, á sì jẹ ẹ́ dé òdìkejì. Ó lè mú èèyàn níbikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, ṣùgbọ́n ibi tó fẹ́ràn jù ni ìparí ìfun kékeré, níbi tó ti so mọ́ ìfun ńlá, ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Appendice wà nítòsí ibẹ̀ gan-an. Ẹ rí ìdí tí wọ́n fi la ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́. Nítorí pé ó ń jẹ ògiri ìfun já, ó lè dá ihò tí ọyún ń gbà jáde, pàápàá lẹ́bàá ìdí. Ògiri náà sì lè nípọn, kí ọ̀nà há, kí oúnjẹ má rí ọ̀nà kọjá dáadáa. Ìrora ẹ̀yìn oúnjẹ nìyẹn.

Ti "àrùn òyìnbó" tí ẹ̀gbọ́n àgbà sọ: òyìnbó ló sọ ọ́ lórúkọ, mo gbà. Dókítà Samuel Wilks ló kọ̀wé nípa èyí tó ń ṣe mí, ní London ní 1859. Burrill Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer, ló kọ ti ìkejì, ní New York ní 1932. Ṣé kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, kò sí lára ẹnikẹ́ni? Ní yàrá tí a ti ń dúró de dókítà ìfun ní Kùtọ̀nú, mo ti jókòó níbẹ̀ láìmọye ìgbà, mi ò rí òyìnbó kan rí.

* * *

Aránṣọ Àjàṣẹ́:

Ọ̀rọ̀ ti ṣẹ́rí sí oúnjẹ, bó ṣe máa ń ṣe. Ẹnì kan ní gààrí ni, ẹnì kan ní wàgáṣì, ẹnì kan ní ata inú ọbẹ̀ wa ní Àjàṣẹ́ níbí ló ń da ìfun rú. Tó bá jẹ́ ata ni, gbogbo ọjà Ouando ni ì bá máa sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Kò sí oúnjẹ kan tí wọ́n lè nàka sí pé òun ló fa àrùn yìí. Àwọn ọmọ ogun inú ara ló dojú ìjà kọ ìfun. Ìdílé lọ́wọ́ sí i díẹ̀, àyíká lọ́wọ́ sí i, àwọn kòkòrò tó ń gbé inú ìfun náà lọ́wọ́ sí i. Kì í ràn. Ẹ lè bá mi jẹun nínú àwo kan.

Ohun tó ṣòótọ́ ni pé nígbà tí inú bá gbóná, àwọn oúnjẹ kan máa ń ni èèyàn lára. Èmi kì í fọwọ́ kan ọtí sódábì mọ́. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kò lè jẹ ọsàn pẹ̀lú háhá rẹ̀ torí ọ̀nà rẹ̀ há. Ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tó ń ni àrùn lára àti ohun tó bí i.

Sìgá nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí bákan: ó ń mú Crohn burú sí i gan-an, ṣùgbọ́n rectocolite a máa yọjú lára àwọn kan lẹ́yìn tí wọ́n pa sìgá tì. Ẹ má torí ẹ̀ lọ ra sìgá o. Ẹnì kan ti ń bi mí.

* * *

Aránṣọ Àjàṣẹ́:

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àbúrò Ìyá Táyé, torí orúnkún rẹ̀ ń jẹ mí lọ́kàn ju ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ.

Àrùn ìfun ni, ṣùgbọ́n kì í jókòó sínú ìfun nìkan. Oríkèé ara ló sábà máa ń dé. Orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀ kan á wú, ó sì máa ń bá inú rìn: inú gbóná, orúnkún wú, inú rọ̀, orúnkún fà sẹ́yìn. Nígbà míì, orúnkún á ṣáájú ìgbẹ́, wọ́n á máa tọ́jú lákùúrègbé fún èèyàn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ojú lè pọ́n, kó máa dunni, kí ìmọ́lẹ̀ máa ta á. Egbò ẹnu tí kì í jinná. Kókó lè yọ lójúgun: nínú ìwé wọ́n máa ń ní ó pupa, ṣùgbọ́n lára wa tó dúdú, kì í pọ́n. Á kàn dúdú ju ara yòókù lọ, á le, á dunni tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ lẹ ó fi mọ̀ ọ́n ju ojú lọ. Lára ọmọdé, ó lè má sí ju pé ọmọ ò ga, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá rẹ̀ lọ.

Ìyá Táyé, kí ló ń lò sí orúnkún yẹn? Tó bá jẹ́ diclofenac tàbí ibuprofen tí wọ́n ń tà lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Irú oògùn ìrora bẹ́ẹ̀ lè dá iná sí ìfun tó ti ń jó. Kó sì má lo oògùn tó ń dí ìgbẹ́ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Tí ìfun ńlá bá gbóná gidi, dídí i lè mú kó fẹ̀ bí bàlúù, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ sáré láìdúró de ọjọ́ tí dókítà dá? Láti 1955 ni dókítà méjì kan ní Oxford, Truelove àti Witts, ti fi ìwọ̀n kan lélẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò: ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí ibà bá wà níbẹ̀, tàbí tí ọkàn ń lù ju ẹ̀ẹ̀ 90 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dín lára gan-an. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, kì í ṣe ilé oògùn. Kí ẹ máa kà á. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ tèmi sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ìlà kan fún ọ̀kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò pé iye bọ́tìnnì ni mò ń kà.

Ó ku ọ̀kan. Ẹ wá ọkùnrin kan tó fọkàn tán, kó bi í nípa ìdí rẹ̀: bóyá oówo ti yọ níbẹ̀ rí, bóyá nǹkan ń jáde. Kò ní sọ ọ́ fún yín. Èmi ò sọ fún ìyàwó tí mo fẹ́.

* * *

Ọmọ Kútì, Àjàṣẹ́:

Coloscopie yẹn, ṣé ó ń dunni? Wọ́n ní kí èmi náà lọ ṣe é.

* * *

Aránṣọ Àjàṣẹ́:

Omi tí wọ́n máa ní kí o mu lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló burú jù, lítà méjì sí mẹ́rin, iyọ̀ iyọ̀ ni lẹ́nu. Mú àga lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, má sì pe àlejò. Ní ti ìwádìí náà, wọ́n fún mi lóògùn oorun, mo jí, wọ́n ti ṣe tán. Ohun tó yẹ kí o rí i dájú ni pé wọ́n gé ẹran ìfun tín-ín-rín láti ibi mélòó kan fún láàbù, títí kan ibi tó dà bíi pé kò ní nǹkan kan. Kámẹ́rà nìkan kò tó láti ya Crohn sọ́tọ̀ sí ikọ́ fée. Tí dókítà bá fẹ́ kí o kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò calprotectin, ìgbẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Tó bá kéré sí 50 (µg/g), ó ṣòro kó jẹ́ pé ìfun ń wú, o lè má nílò kámẹ́rà náà mọ́. Tó bá ga, ó ń sọ fún ọ pé iná ń jó, kò sọ ẹni tó dá a.

* * *

Ìyá Táyé, Kétu:

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. A mú un dé láàbù, ó ṣe ìgbẹ́ náà níbẹ̀ bí Ìyá Nọ́ọ̀sì ṣe wí: kò sí amibe, kò sí bilharzia. Wọ́n wo ikọ́ fée, kò sí. Wọ́n wo sídà, kò sí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló kéré. Diclofenac ló ń lò lóòótọ́, méjì lójúmọ́, abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ti rí páálí ẹ̀.

A ṣe coloscopie náà ní Kùtọ̀nú lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Dókítà ní ìsàlẹ̀, nítòsí ihò ìdí, mọ́ tónítóní. Òkè ló ti rí egbò, níbí, lọ́hùn-ún, ibi tó dáa wà láàárín wọn, ìparí ìfun kékeré náà sì ti bà jẹ́. Crohn ni. Èsì ẹran tí wọ́n gé dé lánàá, ó bá a mu.

Ọkọ mi ló bi í nípa ìdí rẹ̀. Ó ní ó ti lé lọ́dún kan tí oówo kan ti wà níbẹ̀, tó ń tú, tó ń dí, tó ń tú. Owú ló fi ń dí i lọ sí ilé-ìwé. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, kò sọ fún mi.

* * *

Aránṣọ Àjàṣẹ́:

Mo ṣìwọ̀n nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ni mo tẹjú mọ́, torí ẹ̀jẹ̀ ló ṣe èmi. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, o gba ayò.

Ìyá Táyé, ẹ má bá a wí lórí oówo yẹn. Kí ẹ rí i pé dókítà iṣẹ́ abẹ wo ibẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àwọn oògùn tó le, torí ọyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Ẹ bá ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ wá wò ó ní Àjàṣẹ́, ẹ kó àwọn ṣòkòtò rẹ̀ wá bá mi. Mi ò ní gé nǹkan kan kúrò. Màá kàn ká a sínú ni, màá fi okùn gbọọrọ rán an, kó lè ṣeé tú.